Oògùn wo ló yẹ kí ìyá mi lò pẹ́ fún egungun ẹlẹgẹ́?

Ọmọ Òkèlele béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni mo gbé wá. Wọ́n pé ẹni ọdún 72 lọ́dún yìí, ìdí ìkòkò mímọ ni wọ́n sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé wọn, ní agbo ilé wa ní Òkèlele níbí ní Ìlọrin, títí orúnkún fi ní kí wọ́n sinmi. Nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì ọdún tó kọjá ni ẹsẹ̀ wọn yọ̀ lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé ara wọn, ọrùn ọwọ́ náà sì kán. A gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to egungun, ọwọ́ náà san, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọ́ díẹ̀, a sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ ni wọ́n gbé korobá omi kan tí kò tilẹ̀ kún, tí nǹkan sì dún nínú ẹ̀yìn wọn bí igi gbígbẹ tó ṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti lè nàró dáadáa mọ́.

Àwòrán X-ray fi hàn pé ọ̀kan nínú àwọn egungun ẹ̀yìn wọn ti rún wọlé bí agolo tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú wọn lọ sí Èkó, wọ́n fi ẹ̀rọ wọn bí egungun wọn ṣe ki sí, iye tó jáde ní ìbàdí sì jẹ́ -2.9. Dókítà ṣàlàyé pé láti -2.5 lọ sísàlẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní osteoporosis, ìyẹn egungun ẹlẹgẹ́. Ó tún bi wá bóyá oògùn kan wà tí ìyá ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Ojú tì wá kí a tó lè sọ ọ́: ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti ń ra hóró oògùn kan tí kò ní orúkọ lára, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá kékeré, lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri ọjà, nítorí orúnkún yìí náà. Dókítà ní gbogbo àmì tí òun rí jọ ti ẹni tó ti ń gbé prednisolone tàbí dexamethasone mì, àwọn oògùn tó ń ba egungun jẹ́ bí a bá lò wọ́n pẹ́. Kò jẹ́ kí wọ́n dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà o. Ó kọ prednisolone tí ìwọ̀n rẹ̀ dájú fún wọn, ó sì ń dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó là sílẹ̀ fún wa. Èkíní ni alendronate, hóró kan lọ́sẹ̀. Èkejì ni zoledronic acid, tí wọn yóò fà sí iṣan wọn bíi dríìpù lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ̀kẹta ni denosumab, abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ ara ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ó ní kí a lọ rò ó wò kí a sì padà wá. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Àbújá fẹ́ ẹ̀kẹta, ó ní òun yóò san owó rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ka nǹkan kan lórí WhatsApp pé alendronate máa ń mú kí egungun àgbọ̀n jẹrà, pé ó sì máa ń ṣẹ́ egungun itan sí méjì, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún ìyá òun ní irú rẹ̀. Ìyá fúnra wọn gbọ́, wọ́n bi wá pé: “Oògùn tó ń tún ẹ̀yìn ṣe, tó ń jẹ àgbọ̀n, irú oògùn wo nìyẹn?” N kò rí èsì fọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti lò ó tàbí tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, báwo ni ènìyàn ṣe ń wọn ewu oògùn wọ̀nyí mọ́ ewu àìlò wọn? Ọdún mélòó ni ènìyàn yóò fi lò ó? Kídìnrín ìyá dára gẹ́gẹ́ bí àyẹ̀wò ti sọ, ṣùgbọ́n àyà máa ń ta wọ́n púpọ̀, omeprazole kì í sì í tán nínú àpò wọn.

Apòògùn Ìgboro dáhùn:

Ọmọ Òkèlele, ẹ kú ìtọ́jú ìyá, Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà. Apòògùn ni mí, èmi kọ́ ni dókítà wọn, nítorí náà ẹ gbé ohun tí mo bá sọ lọ síwájú ẹni tó ń tọ́jú wọn.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń ba àbúrò yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dé. Kò parọ́. Egungun àgbọ̀n lè kú sójú kan kí ó sì yọ síta lára èrìgì, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ eyín. Egungun itan náà sì lè kán lọ́nà àjèjì láìjẹ́ pé ènìyàn ṣubú gidi. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìròyìn náà kò sọ ọ́ tán. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí àgbọ̀n wọn bàjẹ́ ni àwọn tó ní jẹjẹrẹ tó ti wọ egungun, tí wọ́n ń gba 4 mg zoledronic acid ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, nígbà tó jẹ́ pé 5 mg lẹ́ẹ̀kan péré lọ́dún ni ti egungun ẹlẹgẹ́. Nínú àwọn tó ń lò ó bíi ti ìyá yín, ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ ń bàjẹ́ kò tó ẹyọ kan nínú 1,000 lọ́dún. Ohun kejì tí kò sọ ni pé denosumab tí ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ràn lè fa àwọn ìpalára méjèèjì yìí kan náà, nítorí náà ẹni tó bá sá fún alendronate nítorí àgbọ̀n, tó wá bọ́ sọ́dọ̀ denosumab, kò tíì sá kúrò níbì kankan.

Ẹ wá gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewu kejì, ìyẹn ewu àìlò oògùn. Ní ọdún 2007 ni wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí zoledronic acid, èyí tí wọ́n ṣe fún ọdún mẹ́ta pẹ̀lú obìnrin tó lé ní 7,700. Nínú 100 àwọn tó gba omi lásán, nǹkan bíi 11 ni egungun ẹ̀yìn wọn rún. Nínú 100 àwọn tó gba oògùn, nǹkan bíi 3 ni. Kíkán egungun ìbàdí náà dín kù ní ìwọ̀n 41 nínú 100. Ìyá yín kò sì sí nínú àwọn tí ewu wọn kéré: egungun ẹ̀yìn kan ti rún, ọwọ́ kan ti kán, oògùn inú ọ̀rá sì ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ọ̀kan nínú egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti rún, òmíràn lè tètè tẹ̀ lé e bí a kò bá wá nǹkan ṣe, ọdún kìíní sì ni ó burú jù. Egungun ìbàdí ni mo bẹ̀rù jù fún àwọn àgbà wa, nítorí mo ti rí àwọn tó gba orí ìṣubú kan ṣoṣo dé orí ibùsùn tí wọn kò sì dìde níbẹ̀ mọ́.

Kí ẹ lè mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn oògùn náà, ẹ mọ̀ pé egungun kì í ṣe òkúta. Àwọn kan wà nínú rẹ̀ tó ń họ ti àtijọ́ kúrò, àwọn kan sì ń rẹ́ tuntun sí i, bí a ṣe ń tún ògiri alámọ̀ ṣe lẹ́yìn òjò. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dúró, àwọn tó ń họ máa ń yára ju àwọn tó ń rẹ́ lọ, prednisolone ní tirẹ̀ a sì máa so àwọn tó ń rẹ́ lọ́wọ́. Oògùn mẹ́ta tí dókítà dárúkọ, àwọn tó ń họ ni gbogbo wọn ń dá dúró, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn kò jọra. Alendronate àti zoledronic acid máa ń wọ inú egungun lọ jókòó, wọ́n a sì wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí agbára wọn kì í tán lọ́jọ́ tí ènìyàn bá dáwọ́ dúró. Denosumab kì í jókòó sí egungun. Bí oṣù mẹ́fà bá pé tí a kò gba òmíràn, àwọn ahogungun tó ti sé mọ́lẹ̀ yóò tú jáde pa pọ̀, egungun tí a ti rí gbà padà yóò sì lọ kíákíá. Àwọn kan wà tí egungun ẹ̀yìn wọn tó mẹ́ta, mẹ́rin tó rún lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn tí wọ́n pa á tì.

Ní ti alendronate, oògùn dáadáa ni, owó rẹ̀ ló sì rọrùn jù. Ṣùgbọ́n ìyá tí àyà ń ta! Ó lè bó ọ̀nà ọ̀fun bí ó bá há síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí a fi ife omi tútù kan gbé e mì ní òwúrọ̀ kí a tó jẹ ohunkóhun, kí a má sì dùbúlẹ̀ tàbí jẹun títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi pé. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn tí kò lè jókòó ṣánṣán fún ìṣẹ́jú 30 kò yẹ lẹ́ni tí a ń fún. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá wà lọ́wọ́ mi, dríìpù ọdọọdún ni n bá gbé síwájú dókítà. Ohun tó máa ń ṣe níbẹ̀rẹ̀ ni ibà, orí fífọ́ àti ara ríro fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta; nínú ìwádìí tí mo sọ, bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló ṣe ní ìgbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ní ọdún kejì kò tó ẹyọ kan nínú mẹ́wàá. Paracetamol ń bá a wí. Ohun tí kò gba ẹ̀bẹ̀ ni kídìnrín: bí agbára ìsẹ́ rẹ̀ bá kéré sí 35 nínú àyẹ̀wò, a kì í fún ènìyàn. A sì gbọ́dọ̀ rí i pé vitamin D àti calcium inú ẹ̀jẹ̀ pé kí ọjọ́ tó kò.

Ìyókù díẹ̀: kí dókítà eyín wo ẹnu wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí eyín tí yóò yọ tètè yọ. Lẹ́yìn náà, bí itan wọn tàbí ibi tí itan ti pàdé ikùn bá ń ro wọ́n láìnídìí, ní ọdún kejì tàbí ìkẹrin, ẹ má sọ pé ọjọ́ ogbó ni, ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán itan méjèèjì.

Ìyá Ọ̀fà dáhùn:

Ọmọ mi, ẹ kú wàhálà ìyá. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo lé ní ọdún 75, mo sì lo alendronate fún ọdún márùn-ún gbáko. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ oògùn mi. N óò jí ní aago mẹ́fà, n óò gbé e mì, n óò sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà máa wo àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ń kọjá, títí aago yóò fi sọ pé mo lè jẹun.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín. Oṣù mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni mo fi ṣòfò. Ẹ̀kọ mímu gbígbóná ni mo fi ń gbé e mì, nítorí omi tútù ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kì í bá mi lára mu, calcium mi ni mo sì ń lò tẹ̀ lé e lójú kan náà, kí n má baà gbàgbé. Dókítà fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo nígbà tó gbọ́. Ó ní bí oògùn yìí bá bá oúnjẹ tàbí calcium pàdé nínú ikùn, ìgbẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ń bá lọ, pé nígbà tó bá tilẹ̀ rí ikùn òfìfo, ìwọ̀nba tín-ín-rín ni ara ń gbà nínú rẹ̀. Èmi tí mo fi ọdún 33 kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n ka ìwé dáadáa, n kò ka ìwé tó wà nínú páálí oògùn.

Ní ọdún kẹrin, itan ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ẹ̀rù bà mí, nítorí mo ti gbọ́ irú ìròyìn tí àbúrò yín gbọ́. Wọ́n ya àwòrán itan méjèèjì, wọn kò rí ìlà ìsán kankan. Iṣan ẹ̀yìn ló ń fà á. Nígbà tí ọdún márùn-ún pé, dókítà ní kí a dáwọ́ dúró ná. Ó ṣàlàyé pé wọ́n ti ṣe ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2006, tí wọ́n fi àwọn obìnrin tó lò ó fún ọdún márùn-ún wé àwọn tó bá a dé ọdún mẹ́wàá. Kíkán egungun mìíràn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín wọn; egungun ẹ̀yìn nìkan ni ó sàn fún àwọn tó ń bá a lọ, torí nínú 100 àwọn tó dáwọ́ dúró, nǹkan bíi 5 ni egungun ẹ̀yìn wọn rún tí ó sì hàn sí wọn, nígbà tó jẹ́ nǹkan bíi 2 nínú àwọn yòókù. Egungun ẹ̀yìn tèmi kò rún rí, ìdí nìyẹn tí ó fi fún mi ní ìsinmi. Ìyá tiyín yàtọ̀ sí èmi níbẹ̀ yẹn, nítorí náà ẹ má fi ọdún márùn-ún tèmi wọn tiwọn.

Bàbá Ìgbàjà dáhùn:

Mo kí Apòògùn, mo kí Ìyá Ọ̀fà. Èmi fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n tó wà ní Àbújá sọ̀rọ̀ ní pàtó. Denosumab ni ìyàwó mi lò. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni ó gbà, ara rẹ̀ yá, kò ní ibà, kò ní àyà títa, a sì ń yin oògùn náà fún gbogbo ayé. Nígbà tí ó tó àkókò ẹ̀kẹrin, owó ọkọ̀ ti gun òkè, ẹni tó ń bá wa rà á ní òun kò rí i ní ìlú, èmi náà sì wí lọ́kàn mi pé ara rẹ̀ ṣáà ti le, kí ló kù? Kò sí ẹni tó pè wá láti ilé ìwòsàn tí a ti ń gbà á pé ọjọ́ ti kọjá, a kò sì rántí pé ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé kò ṣeé fi falẹ̀. Oṣù kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó gbà kẹ́yìn ni egungun ẹ̀yìn mẹ́ta rún láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kò ṣubú. Aṣọ ló ń ká.

N kò sọ pé oògùn náà burú. Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè gba àwọn yòókù lè nílò rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú wa báyìí ní irú wọn gan-an ni calcium inú ẹ̀jẹ̀ wọn lè wálẹ̀ lójijì, kí a máa ṣọ́ ọ lójú méjèèjì. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọjọ́ orí ẹni tó ń san owó náà ń lọ, iṣẹ́ lè bọ́, ojú ọ̀nà lè dí. Oṣù méje ni ìpẹ̀kun ohun tí ènìyàn lè fi jáfara láti ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi í sílẹ̀, oògùn mìíràn gbọ́dọ̀ gba ipò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Inú fíríìjì ni ó tún ń gbé, ẹ̀yin náà sì mọ irú iná tí à ń rí.

Ọmọ Tánkẹ̀ dáhùn:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ dárí jì mí, ìbéèrè ni tèmi. Ìlọrin ni ìlú wàrà. Àwọn ìyá ìyá wa jẹ wàrà, wọ́n jẹ ẹja wẹ́wẹ́ tegungun-tegungun, wọ́n gbé igi lórí títí wọ́n fi dàgbà, wọn kò mọ alendronate. Ṣé kò sàn kí ìyá padà sí oúnjẹ àti calcium nìkan, kí wọ́n yẹra fún gbogbo oògùn tó ní ìpalára yìí?

Nọ́ọ̀sì Ajàṣẹ́ dáhùn:

Ọmọ mi, àwọn ìyá ìyá wa náà tẹ̀. A rò pé títẹ̀ yẹn wà lára ọjọ́ ogbó ni, a kò ya àwòrán ẹ̀yìn wọn. Àwọn tí wọ́n ṣubú tí wọ́n sì kú lẹ́yìn oṣù díẹ̀, a sọ pé ìṣubú ló pa wọ́n, a kò bèèrè ohun tó kán.

Wàrà dára, ẹja tí a lè jẹ tegungun-tegungun náà dára, obìnrin tó ti ju ọdún 50 lọ sì nílò nǹkan bíi 1,200 mg calcium lójúmọ́, oúnjẹ ni ó yẹ kí ó ti kọ́kọ́ wá. Amọ̀ ni calcium, birikílà kọ́ ni. Ẹni tí egungun rẹ̀ kò tíì kán, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé ewu rẹ̀ kéré, lè fi oúnjẹ, ìrìn rírìn àti oòrùn dúró. Ẹni tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti rún ti kọjá ibẹ̀. Ẹ má sì rò pé oòrùn tó pọ̀ níta ti fún ìyá ní vitamin D. Obìnrin àgbà tó ń jókòó sínú iyàrá, tí aṣọ sì bo gbogbo ara rẹ̀ nígbàkigbà tó bá jáde, vitamin D rẹ̀ lè kéré gan-an, mo ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Egungun ìbàdí kì í sábà kán láìsí ìṣubú. Lọ wo ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ tí ẹsẹ̀ ìyá ti yọ̀ yẹn. Ṣé ó ṣì ń yọ̀? Ṣé iná wà níbẹ̀ lóru? Kí wọ́n kan igi tàbí páìpù tí wọ́n lè dì mú mọ́ ògiri, kí wọ́n ká ẹní tó ń kọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀ kúrò. Kí dókítà wo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn oorun bí wọ́n bá ń lo irú rẹ̀, nítorí wọ́n máa ń mú òòyì wá bí ènìyàn bá dìde lóru. Kí wọ́n wo ojú wọn. Omeprazole tí kì í tán nínú àpò náà, ẹ bi dókítà bóyá wọ́n ṣì nílò rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìwádìí ti rí i pé egungun àwọn tó ń lò ó pẹ́ máa ń kán ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ.

Ọmọ Òkèlele tún kọ̀wé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin òbí mi. Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Ìgbàjà sí ẹ̀gbọ́n mi létí lórí fóònù, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí a máa lọ bá dókítà fún ti ọdọọdún. Ìbéèrè méjì ló kù. Ààwẹ̀ ń bọ̀, ìyá kò sì ní gbà kí a ní kí wọ́n má gbà á. Báwo ni a óò ṣe ṣe é? Ẹnì kan sì sọ fún wa pé oògùn kan wà tó ń mọ egungun tuntun, tí kì í ṣe pé ó kàn ń dáàbò bo ti àtijọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Apòògùn Ìgboro dáhùn:

Ní ti ààwẹ̀, dríìpù kò ní wàhálà rárá, nítorí ọjọ́ kan péré ni lọ́dún. Ẹ kàn má jẹ́ kí ó bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n ń gbààwẹ̀, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ mu omi dáadáa ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀ nítorí kídìnrín. Ẹni tó ń lo hóró ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ní láti jí ṣáájú àwọn ará ilé, kí ó gbé e mì, kí ìṣẹ́jú 30 pé, kí ó tó jẹ sààrì. Láìsí ààwẹ̀, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kírun àsùbáà tán kí wọ́n tó lò ó, kí ìfòríkanlẹ̀ má baà dá a padà sí ọ̀fun.

Òótọ́ ni ti oògùn tó ń mọ egungun. Teriparatide ni orúkọ rẹ̀, 20 microgram lójoojúmọ́, abẹ́rẹ́ tí ènìyàn ń gún fún ara rẹ̀, kì í sì í sábà ju ọdún méjì lọ. Ó lágbára, pàápàá fún ẹni tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti rún, àti fún ẹni tí prednisolone ba egungun rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀, ẹ bi dókítà. Ṣùgbọ́n ó wọ́n púpọ̀, inú fíríìjì ni ó ń gbé, bí ọdún méjì bá sì pé, ènìyàn gbọ́dọ̀ bọ́ sórí irú zoledronic acid yìí náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èyí tí a mọ yóò wó. Romosozumab wà pẹ̀lú, abẹ́rẹ́ oṣooṣù fún ọdún kan ni, a kì í sì í fún ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ tàbí ìkọlù ọkàn bá kọ lù láàárín ọdún kan sẹ́yìn.

Ọdún mélòó? Lẹ́yìn dríìpù mẹ́ta ni dókítà sábà máa ń dúró wò ó. Nítorí egungun ẹ̀yìn tó ti rún, ó ṣeé ṣe kí ó ní kí ìyá gbà á dé mẹ́fà.

Ọmọ Òkèlele tún kọ̀wé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje:

Mo padà wá jábọ̀. Dókítà gba ọ̀rọ̀ dríìpù wọlé. Ó ní teriparatide ni ì bá wu òun jù, ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣírò owó oṣù kan sí 24, òun náà rẹ́rìn-ín. Dókítà eyín rí kùkùté eyín kan tó ti jẹrà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó yọ ọ́, ó sì ní kí a dúró títí èrìgì yóò fi padé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni a fi dúró, a sì ń fún wọn ní vitamin D láàárín ìgbà náà. Dríìpù fúnra rẹ̀ kò tó ìdajì wákàtí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ibà dé, gbogbo ara ń ro wọ́n, wọ́n sì ń wí fún àbúrò mi pé ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Paracetamol ni a fi bá a jà. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n bèèrè àmàlà. Mo ti fi báírò pupa kọ ọjọ́ ti ọdún tó ń bọ̀ sí ara kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí tó wà lára ògiri, mo sì kọ ọ́ sínú fóònù àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìyá ní kí n bi Nọ́ọ̀sì Ajàṣẹ́ ní ohun kan. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn lè padà sídìí amọ̀, kì í ṣe láti tà, bí kò ṣe láti máa fi han ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ wọn obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ náà.

Nọ́ọ̀sì Ajàṣẹ́ dáhùn:

Ẹ bá mi kí ìyá. Wọ́n lè padà, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ tẹ̀ mọ́ ilẹ̀ mọ́, wọn kò sì gbọdọ̀ gbé amọ̀ tútù. Kí ẹ wá àga tó ga tó ní ẹ̀yìn fún wọn, kí ẹ gbé ìkòkò náà sórí tábìlì tó bá àyà wọn dọ́gba, kí ọmọdébìnrin náà sì máa yí i. Wákàtí kan ti tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.